Má Ṣe Tìtorí Agboòrùn Yan Fáíbà

Tèmítọ́pẹ́, Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí mo fi ń yangàn,

Wá ibi jókòó sí kí o tó ka ìwé yìí, kí o sì gbé omi sí tòsí, torí ó gùn. O mọ̀ pé èmi kì í kọ lẹ́tà, fóònù ni tèmi. Ṣùgbọ́n níjọ́sí tí a ń sọ̀rọ̀ nípa fáíbà tí ẹ máa fà sí ilé yín tuntun ní Ìkẹ́rẹ́ níbí, ṣé o rí bí ìlà ṣe ń já? Mo ní, "Tọ́pẹ́, gbọ́ mi," ó já. O ní, "Màámi, ẹ tún un sọ," ó já. Mo bú sẹ́rìn-ín lémi nìkan nínú yàrá. Ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò jẹ́ ká sọ! Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí mo bá ń bá ọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, n kì í tíì délẹ̀ tí o ó fi ní, "Mo ti mọ̀, Màámi." Ó dáa náà. Wá bá ìwé jiyàn báyìí, ká wò ó. Ọkọ rẹ ló máa mú un wá fún ọ ní Èkó bó bá ń bọ̀ lópin ọ̀sẹ̀, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má tú u.

Kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó wà lọ́kàn mi. Inú mi dùn, ọmọ mi. Inú mi dùn débi pé mo ń ṣe àṣejù. Ọjọ́ tí o sọ fún mi pé àwọn ọ̀gá rẹ lókè òkun ti gbà kí o máa ṣiṣẹ́ láti Ìkẹ́rẹ́, o ní kí n má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní mo gbọ́. Irọ́ ni. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ Àìkú, gbogbo ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ ti mọ̀. Wọ́n bi mí pé iṣẹ́ wo gan-an ni, mo ní ọmọ mi ló ń kọ ohun tí kọ̀ǹpútà ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Wọ́n ní ibo ni ọ́fíìsì náà wà nínú Ìkẹ́rẹ́ yìí, mo ní ibi tí ọmọ mi bá jókòó sí ni ọ́fíìsì wà. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń parọ́ nílé Ọlọ́run. Jẹ́ kí wọ́n máa wò.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́ gbólóhùn kejì tí o sọ, bí o tilẹ̀ yára gbà á kọjá. O ní oṣù àkọ́kọ́ ni wọ́n fi máa dán ọ wò. Bí ìlà bá ń já ọ sílẹ̀ láàárín ìpàdé, bí iṣẹ́ rẹ kò bá ń dé ọ̀dọ̀ wọn bó ṣe yẹ, wàá padà sí ọ́fíìsì wọn ní Èkó, ọkọ rẹ á sì máa dá kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ níbí. Ìrètí ọmọ yín ti ń pe bàbá rẹ̀ ní "Dádì Sátidé" báyìí. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín sí i nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Èmi rí ojú ọkọ rẹ lọ́jọ́ náà, kò rẹ́rìn-ín. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ okùn tí ẹ máa fà wọlé yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ okùn lásán lójú mi.

Mo mọ̀ pé ìwọ lo mọ kọ̀ǹpútà. Mi ò bá ọ du ìyẹn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kọ̀ǹpútà ni kèrègbè tìrẹ. Ṣùgbọ́n kí o tó mọ ohun tó ń jẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, èmi ti ta nẹ́tíwọ́ọ̀kì rí, ó sì fojú mi rí màbo.

Ṣé o rántí ayé fóònù abẹ́ agboòrùn? O kéré gan-an. Wàá ti ilé ìwé dé, wàá jókòó sábẹ́ tábìlì mi, wàá máa ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Nígbà tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò náà, ilé-iṣẹ́ fóònù kan fún mi ní agboòrùn ńlá, ó fún mi ní tábìlì, ó tún fún mi ní ṣẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́! Áà, agboòrùn yẹn rẹwà. Mo ṣí i síwájú ilé wa létí títì, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo jókòó bí olorì. Ẹni tó bá wá pe fóònù á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, "Hẹ́lò! Hẹ́lò! Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" títí ọ̀fun á fi gbẹ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn kò dé ọ̀dọ̀ mi dáadáa. Obìnrin kan wà nísàlẹ̀ àpáta lọ́hùn-ún, agboòrùn tiẹ̀ ti ya, ìlà mìíràn ló ń lò. Àwọn oníbàárà mi á gba iwájú mi kọjá lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n á tún kí mi dáadáa, "Ẹ kú ìjókòó o, Ìyá Tọ́pẹ́!" Ìkíni yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Síbẹ̀ n kò kúrò. Mo fẹ́ràn agboòrùn mi. Bàbá rẹ ló ti oko dé lọ́jọ́ kan, ó dúró, ó wò mí títí, ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí, ṣé agboòrùn lò ń tà ni?" Inú bí mi. Lọ́jọ́ kejì, mo ká agboòrùn, mo ra ìlà kejì, mo ru tábìlì mi lọ sísàlẹ̀ àpáta. Òun ni mo fi rán ọ lọ sí ilé ìwé girama.

Ìyẹn ni ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́, òun náà sì ni bàbá gbogbo ìmọ̀ràn tó kù: kí o tó yan ẹnikẹ́ni, bi ara rẹ léèrè pé kí lo fẹ́ rà gan-an.

Wàyí o. Ilé-iṣẹ́ méjì ló ń fa fáíbà ní àdúgbò yín. Àwọn kan ń gbé okùn tiwọn gba orí òpó. Mo ń pè wọ́n ní Olópòó. Àwọn kejì ń gbẹ́lẹ̀, wọ́n ń rì í mọ́lẹ̀. Àwọn ni mo ń pè ní Agbẹ́lẹ̀. Déjì ni aṣojú àwọn Olópòó. O mọ Déjì, ọmọ ìjọ wa ni, èmi àti ìyá rẹ̀ la jọ ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti gbọ́ pé ò ń bọ̀. Ta ló sọ fún un? Má bi mí. Ó wá kí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màámi, mo mú nǹkan kékeré kan wá fún yín." Ó nawọ́ sẹ́yìn, ó fa agboòrùn yọ.

Tọ́pẹ́! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó rò pé ayọ̀ ni. Ó ní, "Màámi, ẹ mà fẹ́ràn ẹ̀ o!" Mo ní, "Déjì, o ò mọ bí mo ṣe fẹ́ràn ẹ̀ tó."

Mo fún un ní omi, mo wá bi í léèrè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀: iná ni, kò lẹ́gbẹ́, kí ẹ tó ṣẹ́jú fíìmù ti wọlé. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Mo ní, "Déjì, ìyẹn ni èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀. Èyí tó ń gòkè ńkọ́?" Ó wò mí. Mo ní, "Iṣẹ́ tí ọmọ mi bá ṣe, ṣé kì í ṣe pé yóò fi ránṣẹ́ ni? Ojú rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ nínú ìpàdé, ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń gòkè lọ bá àwọn tó wà lọ́hùn-ún ni? Ta ló ń fi fíìmù wíwò jẹun?" Ó ní, "Màámi, ta ló kọ́ yín?" Mo ní, "Ọmọ mi ni." Hẹn-ẹn! Kí o rí bí mo ṣe gbé orí sókè. Ó ní òun á lọ béèrè. Ọmọlúàbí sì ni, ó padà wá sọ òtítọ́ fún mi, ó ní èyí tó ń gòkè kò tó ìdajì èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ka iye eré fún ọ, bi í pé lọ́nà wo.

Ìkejì. Má béèrè ọjà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á nìkan, béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti rà á. Kí o sì lọ béèrè nígbà tí gbogbo ayé ń lò ó. Nísàlẹ̀ àpáta ni mo ti kọ́ ìyẹn. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, kò sí ìlà tí kò dáa. Àmọ́ bí ìsìn bá parí lọ́jọ́ Àìkú, tí gbogbo ìyá bá fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ, ìgbà náà lo máa mọ ìlà tó jẹ́ ìlà.

Mo wá mú uṣu díẹ̀ lọ́wọ́, torí a kì í ṣánwọ́ wọ ulé onílé, mo lọ kí Ìyá Ṣèyí, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Àwọn Olópòó ló fà á fún un. Mo kọ́kọ́ lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, mo tẹ áàpù tó ń díwọ̀n eré ìlà tí o fi sínú fóònù mi, nọ́ńbà tó jáde pọ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́. Mo wá padà lọ lẹ́yìn ìsìn Àìkú. Ó mà ṣe o! Nọ́ńbà ti wálẹ̀ pátápátá. Ṣèyí ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti òkè òkun, ìyá ń gbàdúrà fún un, ọmọ ní "Àmí—", ló bá gan síbẹ̀, ó la ẹnu sílẹ̀ gbayawu. Ìyá Ṣèyí kò tilẹ̀ dá àdúrà dúró, ó ti mọ́ ọn lára.

Láti ibẹ̀, mo gba ilé Bàbá Fẹ́mi, ọ̀gá olórin ìjọ wa, kọjá. Àwọn Agbẹ́lẹ̀ ló ń lò. Bóyá o ò mọ̀ pé ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ní dùùrù lórí kọ̀ǹpútà. Mo tẹ áàpù mi, bí mo ṣe ti tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Nọ́ńbà tiẹ̀ kò pọ̀ tó ti Ìyá Ṣèyí tàárọ̀, àmọ́ ohun tó jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ náà ló jẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní, "Ìyá Tọ́pẹ́, ẹ fi nọ́ńbà sílẹ̀, ẹ wá gbọ́." Ó ń pàtẹ́wọ́, ọmọ lọ́hùn-ún ń tẹ dùùrù tẹ̀ lé e. Ó ní, "Ó ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, òkun ló wà láàárín. Àmọ́ ẹ gbọ́ ọ, bó ṣe pẹ́ ní àkọ́kọ́ náà ló ń pẹ́ títí dé òpin. Ìyẹn lèmi lè fi kọ́ ọmọ. Èyí tó bá yá níṣìn-ín, tó fà lẹ́yìn náà, orí máa ń fọ́ mi ni."

Ọmọ mi, mo rò pé ohun tí o máa ń pè ní ìdúróṣinṣin ìlà nìyẹn. Mú èyí tó dúró sójú kan ju èyí tó ń sáré tó ń ṣubú lọ. Nígbà tí mo ń wá ọkọ, ìyá mi sọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ jọ ọ́ fún mi.

Ẹ̀kẹta ni ti àtúnṣe. Kò sí okùn tí kì í já. Àwọn tó ń ṣe ọ̀nà ti gé ti Bàbá Fẹ́mi rí, wọ́n fi kátápílà hú u. Ohun tó yẹ kí o béèrè ni pé ta ló máa wá dè é, láti ibo? Àwọn tó ń tún ti Agbẹ́lẹ̀ ṣe ń gbé Ìkẹ́rẹ́ níbí, a mọ ilé wọn. Ti Olópòó, láti Àkúrẹ́ ni wọ́n ti ń wá, bí ọkọ̀ bá sì bàjẹ́ lọ́nà, ó di ọ̀la. Bi wọ́n léèrè iná mànàmáná náà. Ínfátà yín á gbé ráútà inú ilé, mo mọ̀. Àpótí tí wọ́n gbé sí ojú pópó ńkọ́? Bí wọ́n bá múná lọ, ṣé ó ní bátìrì tiẹ̀ àbí òun náà á sùn? Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Bàbá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé, ó ń wò mí láti ẹ̀yìn, ó ní kí n fi ti òun kún un. Ó ní òpó àwọn Olópòó gba etí oko kọjá kó tó dé ilé yín. Bí ọyẹ́ bá dé, tí àwọn àgbẹ̀ bá ń sunko, iná kì í mọ okùn yàtọ̀ sí koríko. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun náà máa ń sunko, òun ò sì fẹ́ kó jẹ́ òun lòun máa fi ọwọ́ ara òun dáná sun iṣẹ́ ọmọ òun. Mo ti kọ ọ́. Ó ní kí n kà á sí òun létí. Mo ti kà á. Ó ti lọ wẹ̀ báyìí, ó ń kọrin. Ìwọ ló ń kọrin fún, àmọ́ kò ní gbà.

Nípa àwọn ohun tí o ní kí n bá ọ béèrè, mo bi àwọn méjèèjì. Àwọn Agbẹ́lẹ̀ ní o lè lo ráútà tìrẹ, wọ́n á sì fún ilé yín ní àdírẹ́sì tiẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí kò ní jẹ́ ti gbogbo àdúgbò pọ̀, bí o bá béèrè fún un. Déjì ní ráútà tiwọn ni dandan, kò sì mọ ti àdírẹ́sì. Mo bi àwọn méjèèjì bóyá "àìlópin" tí wọ́n kọ sára pátákó ní òpin. Àwọn méjèèjì ló rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó dáhùn. Nítorí náà, ka ìwé wọn kí o tó tọwọ́ bọ̀ ọ́, pàápàá èyí tí wọ́n kọ wínníwínní nísàlẹ̀. Má sì jẹ́ kí wọ́n so ọ́ mọ́lẹ̀ fọ́dún kan kí o tó tọ́ ọ wò.

Ní tèmi, Agbẹ́lẹ̀ ni mo fọwọ́ sí. Àmọ́ ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Gba ti Déjì náà, èyí tó kéré jù, kó wà ní ìpamọ́. Má rò pé torí agboòrùn ni, tàbí torí ìyá rẹ̀. Ọ̀kan wà lókè, ọ̀kan wà nílẹ̀. Iná oko bàbá rẹ kò lè jó èyí tó wà nínú ilẹ̀, kátápílà kò lè hú èyí tó wà lórí òpó. Ọjọ́ tí ọ̀kan bá já láàárín ìpàdé, kí èkejì gbà á kí àwọn ọ̀gá rẹ tó mọ̀. Bí ìwọ bá rí ohun tí èmi kò rí, ṣe ohun tí o rí. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ pé ìyá rẹ rìn ín.

Bí wọ́n bá wá fà á, fún wọn lómi, kí wọn dáadáa, dúró tì wọ́n, má sì fi ìmọ̀ pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Mo mọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Ohun kan ṣì kù tí kò kan okùn. Iṣẹ́ tó bá ń gbé inú ilé kì í ní ilé tó máa lọ. Ìwọ ni kí o máa lé e. Bó bá di àkókò, pa kọ̀ǹpútà dé, kí o gbé Ìrètí, kí o jẹun pẹ̀lú ọkọ rẹ. Nítorí ìyẹn lẹ ṣe ń bọ̀.

Agboòrùn Déjì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí òjò bá ń rọ̀ lọ́jọ́ tí àwọn Agbẹ́lẹ̀ bá dé, òun ni mo máa fi dúró tì wọ́n.

Kí n sọ ìkan yìí, kí n dákẹ́. Nísàlẹ̀ àpáta yẹn, àwọn ìyá ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi. Wọ́n á fẹsẹ̀ rìn wá láti gbọ́ ohùn ọmọ tó wà ní Èkó, tó wà nílùú òyìnbó. Bí ìpè bá tán, wọ́n kì í dá fóònù padà kíákíá. Wọ́n á ṣì gbé e létí síbẹ̀, tí kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi á na ọwọ́, màá ní, "Màámi, ó ti tán o." Ọmọdé ń ṣe mí. N kò mọ ohun tí wọ́n ń gbọ́. Láti ìgbà tí o ti lọ sí Èkó ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ìwọ á ti lọ, èmi á ṣì gbé fóònù létí, títí bàbá rẹ á fi ní, "Ó ti tán kẹ̀."

Àbẹ̀kẹ́, òrùlé ilé yín hàn láti ẹ̀yìnkùlé wa. Mo ti lọ dúró níbẹ̀, mo ti wò ó dáadáa. Kí ìlà méjèèjì dára, kí iṣẹ́ òkè òkun wá bá ọmọ mi ní Ìkẹ́rẹ́, kí wọ́n mọ̀ pé a bí ènìyàn níbí. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ jí nínú ilé náà, má ṣe jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu bí o bá gbọ́ ẹni tó ń ké orúkọ rẹ láti ẹ̀yìnkùlé. Èmi ni. Má wá fóònù kiri o. Ẹnu ni kí o fi dá mi lóhùn.

Ìyá rẹ tó ń retí rẹ nílé,
Màámi.